Dùrù Tèmi, Fèrè Ìyá Mi

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìsẹ́yìn, ohùn òfì ló máa ń jí wa. Kí oòrùn tó ga, àwọn ahunṣọ àdúgbò wa á ti jókòó sábẹ́ àtíbàbà, wọ́n á ti na òwú gbọọrọ sílẹ̀ dé ẹ̀bá títì, òfì á sì máa dún kà, kà, kà, títí a ó fi jẹun alẹ́. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà níbẹ̀ mọ ohun tí mò ń wí. Ẹ kò ní gbàgbé òórùn aró, tàbí òórùn iṣu gbígbẹ tí àwọn ìyá wa sá sórí àpáta. Ẹ kò sì ní gbàgbé bí ètè wa ṣe máa ń là nígbà ọyẹ́, tí a kò fi ní lè rẹ́rìn-ín kí ẹ̀jẹ̀ má yọ.

Ṣùgbọ́n ní àdúgbò tiwa, ohùn mìíràn tún wà. Bí ìrọ̀lẹ́ bá ti tutù, tí òfì bá ti ń dákẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ ó gbọ́ dùrù láti ilé kan báyìí tó ní fèrèsé aláwọ̀ ewé. Ilé Màmá Dùrù nìyẹn.

Opó ni Màmá Dùrù. Ọmọ bíbí Ìsẹ́yìn ni, ṣùgbọ́n Èkó ló ti lo ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀, níbi tí òun àti ọkọ rẹ̀ ti ń kọ́ àwọn ènìyàn ní dùrù àti fèrè. Nígbà tí ọkọ kú, ó kó padà wá sílé bàbá rẹ̀. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ọkọ̀ akẹ́rù gbé dùrù náà dé. Wọ́n fi tapólì dì í, wọ́n fi okùn gbà á yíká, ó sì dúdú, ó tóbi. Àwọn ìyá àgbà tó jókòó síwájú ilé rí i pé opó náà sọ̀kalẹ̀ tẹ̀lé àpótí ńlá dúdú, wọ́n ti parí èrò wọn. Ọ̀kan bú sẹ́kún, ó ń ki òkú ọkọ tí kò mọ̀ rí. Àwọn géńdé gbé àpótí náà pẹ̀lú ọ̀wọ̀, wọ́n ń rọra rìn, àfi ìgbà tí ìdí rẹ̀ gbá òpó ilé, tí nǹkan inú rẹ̀ sì dáhùn *gbọ̀ọ̀ọ̀n*. Wọ́n jù ú sílẹ̀, kálukú gba ọ̀nà tirẹ̀. Màmá Dùrù rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín ọ̀nà. Ọjọ́ yẹn ni mo ti fẹ́ràn rẹ̀.

Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í gba akẹ́kọ̀ọ́. Ọmọdé wá, àgbà wá. Ọ̀rọ̀ tó máa ń sọ ni pé dùrù kì í béèrè ọjọ́ orí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọ̀gbẹ́ni kan wà tó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba nídìí iṣẹ́ ọ̀gbìn, fèrè ló ń kọ́. Bó bá ń ti oko àwọn àgbẹ̀ bọ̀ lórí alùpùpù rẹ̀, a ó ti mọ̀, nítorí pé orin tó ń kọ́ ló máa ń fi súfèé kọ bọ̀ látòkèèrè. Bàbá Ráfíù náà wà, ahunṣọ tí ilé rẹ̀ kò jìnnà sí tiwa. Bó bá ti kírun alásárì tán, á wá jókòó sídìí dùrù, ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ti mọ́ àtẹ̀sẹ̀ òfì lára kò sì ní ìṣòro kankan pẹ̀lú àtẹ̀sẹ̀ dùrù. Ó máa ń dùn mí. Èmi, ẹsẹ̀ mi kò tilẹ̀ tíì kanlẹ̀ nígbà náà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí èmi ṣe débẹ̀. Bàbá mi jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ẹni tó gbà pé kò sí ohun tí ọmọ kò lè kọ́ bí pàṣán bá wà nítòsí. Ó ní ọmọ òun gbọ́dọ̀ mọ dùrù, kó lè máa tẹ̀ ẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá mi jẹ́ nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ní ilé ìgbẹ̀bí ìjọba. Èmi ni àkọ́bí wọn, ọkùnrin ni àwọn tó tẹ̀lé mi, wọ́n sì tẹ̀lé ara wọn kíákíá bí ẹni pé wọ́n ń sáré ìje. Ẹ̀yin àkọ́bí obìnrin, mo mọ̀ pé ẹ ti ń mi orí. Èmi ni mo ń pọn omi, èmi ni mo ń fọ abọ́, èmi ni mo ń lọ ata, bí mo bá sì fẹ́ lọ ṣeré bojúbojú pẹ̀lú ẹgbẹ́ mi, wọ́n á ní kí n kọ́kọ́ pọn àbúrò mi. Nínú eré bojúbojú, ẹni tó pọn ọmọ sẹ́yìn kì í pẹ́ kí wọ́n tó rí i, nítorí pé ọmọ á sunkún. Àìmọye ìgbà ni mo kúnlẹ̀, tí mo gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, nítorí ohun tí àwọn àbúrò mi fọ́. Bí mo bá ráhùn, ìdáhùn kan náà ni: ìwọ ni àgbà.

Ilé Màmá Dùrù nìkan ni mo ti kéré. Ní àràárọ̀ Sátidé, bí mo bá ti gbálẹ̀ ilé wa tán, mo máa ń sáré lọ. Á da omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ sínú abọ́ tánganran, á fọ ọwọ́ mi fún mi, á fi aṣọ nù ún, á wá fi òrí pa ìka mi lọ́kọ̀ọ̀kan kí ọyẹ́ má bàa là á. Á fi ọsàn wẹ́wẹ́ sábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi kí ọwọ́ mi lè tẹ̀ bó ṣe yẹ, bí ọsàn náà bá sì já bọ́, rúlà á kàn mí ní ìka. Rúlà náà kò dùn mí rárá. Ẹni tó ń nà mí, èmi nìkan ló ń wò. Bí a bá parí, á po tíì tí mílíìkì inú agolo pọ̀ nínú rẹ̀ ju omi lọ, á ṣí agolo bisikíìtì, á pè mí ní "ọmọ mi Àjọkẹ́." Kò sí ẹni tí mo ní láti bù fún. Mo máa ń jẹ bisikíìtì náà díẹ̀díẹ̀, yíká etí rẹ̀ bí eku.

Òjò ló ba nǹkan jẹ́. Ní Sátidé kan, òjò ńlá ṣú, ìyá mi tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ sì yà wá mú mi. Òjò dé bá a níbẹ̀. Ó jókòó sórí àga tí wọ́n fi aṣọ funfun bo ẹ̀yìn rẹ̀, pẹ̀lú aṣọ nọ́ọ̀sì rẹ̀ lọ́rùn, ó ń wò mí bí mo ṣe ń tẹ dùrù. Inú mi dùn pé ó ń wò mí. Mo fẹ́ kó rí ibi tí mo ti jẹ́ ènìyàn pàtàkì.

Nígbà tí òjò kò dá, Màmá Dùrù ṣí àpótí kékeré kan tí wọ́n fi àrán pupa tẹ́ inú rẹ̀. Fèrè fàdákà tí ọkọ rẹ̀ ń fọn nígbà ayé rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Gbogbo àwa akẹ́kọ̀ọ́ la mọ fèrè náà, kò sì sí ẹnì kan nínú wa tó fọwọ́ kàn án rí. Àwọn tó ń kọ́ fèrè, òmíràn ni wọ́n ń lò. Bóyá ó kàn fẹ́ nù ún ni, n kò mọ̀. Ó tò ó pọ̀, ó sì nà án sí ìyá mi, ó ní kó gbìyànjú ẹ̀ wò, eré lásán ni.

Ẹni tó bá ti gbìyànjú fèrè rí mọ̀ pé atẹ́gùn lásán ló máa ń jáde fún ọjọ́ púpọ̀. Ọ̀gbẹ́ni iṣẹ́ ọ̀gbìn fọn ọ́n títí ojú rẹ̀ fi pọ́n kó tó dún. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìyá mi ni pé kó máa sọ fún àwọn aboyún tó ń rọbí bí wọn yóò ṣe mí sínú, bí wọn yóò ṣe mí síta, bí wọn yóò ṣe mí níwọ̀n. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń mí pẹ̀lú wọn. Ó gbé fèrè sẹ́nu, ó mí, fèrè dún. Ohùn kan ṣoṣo ni, tó gùn, tó mọ́ gaara bí omi àpáta. Màmá Dùrù yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́.

Ìlú òwú ni Ìsẹ́yìn, gbogbo ayé mọ̀. Láti ọjọ́ náà lọ, owú ni èmi ń hun.

Ìyá mi di akẹ́kọ̀ọ́. Ó máa ń lọ ní ìrọ̀lẹ́ bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, Màmá Dùrù sì gbà á láyè kó máa gbé fèrè náà wálé. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn. Ta ló lè gbé dùrù wálé? Èmi ń dúró de Sátidé, fèrè tirẹ̀ wà nínú báàgì rẹ̀. Ó ń fọn ọ́n ní ẹ̀yìnkùlé nígbà tí ẹ̀wà wà lórí iná, ẹ̀wà á sì jóná, wọ́n á ní kí èmi lọ họ ìdí ìkòkò. Àwọn àbúrò mi ń jó sí i. Àwọn aládùúgbò ń dúró lẹ́bàá ọgbà láti gbọ́. Nígbà tí èmi ń kọ́ orin lórí tábìlì oúnjẹ, tí mò ń fi ìka tẹ pákó lásán, wọ́n ní kí n yé kan tábìlì.

Bàbá mi náà kò láyọ̀. Kò sọ pé inú òun kò dùn. Ó kàn ń béèrè bóyá oúnjẹ ti jinná, lóhùn tí ọ̀gá ilé ìwé fi ń béèrè iṣẹ́ àṣetiléwá. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ pàdé ìyá mi níwájú ilé Màmá Dùrù, ó ní ọ̀nà kò dára. Ọ̀nà kò kúkú ṣe nǹkan kan. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó wọlé, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun náà fọn fèrè yìí wò. Ó dúró gbọnrangandan bí ẹni tó fẹ́ bá àpèjọ akẹ́kọ̀ọ́ sọ̀rọ̀, ó fẹnu kàn án, ó fọn. Atẹ́gùn. Ó tún fọn. Ó fọn títí òyì fi kọ́ ọ, tí wọ́n sì fún un ní àga. Nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀, ó ní fèrè náà ti bàjẹ́. Ìyá mi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi sẹ́nu, ó sì dún.

Mo lè fara da gbogbo ìyẹn. Ohun tí n kò lè fara dà ni ohun tí mo gbọ́ ní ọjọ́ kan tí mo tètè dé. Wọ́n wà nínú pálọ̀, àwọn méjèèjì, ìyá mi sì ń rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín tó ń rín nílé. Ẹ̀rín ọmọdébìnrin ni, irú tí a máa ń rín ní kíláàsì tí a fi ń fọwọ́ bo ẹnu. Lẹ́yìn náà, Màmá Dùrù ní, "Àbẹ̀kẹ́, mú ọwọ́ rẹ wá." Mo yọjú. Ó ti gbé abọ́ tánganran náà sílẹ̀, ó ń fi òrí pa ọwọ́ ìyá mi, ọwọ́ tí Dẹ́tọ́ọ̀lù ilé ìgbẹ̀bí ti jẹ. Abọ́ tèmi. Òrí tèmi. N kò tilẹ̀ mọ̀ pé ìyá mi ní oríkì. Ìyá Àjọkẹ́ ni gbogbo ayé ń pè é, orúkọ mi ló wà nínú orúkọ rẹ̀. Mo padà sẹ́yìn, mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, bí orogún ni mo ṣe ń gbọ́ ẹ̀rín ìyá tó bí mi.

Lọ́dọọdún, lẹ́yìn ìkórè, Màmá Dùrù máa ń ní kí àwọn géńdé gbé dùrù lọ sí gbọ̀ngàn ilé ìwé bàbá mi, á kó gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ jọ síbẹ̀ kí àwọn ará ìlú lè wá gbọ́ wọn. Ọdún náà, òun fúnra rẹ̀ ló kọ orin ìdúpẹ́ kan tí kò ní ọ̀rọ̀ nínú. Ó ti ń kọ́ mi ní apá ọ̀tún, ó ti ń kọ́ mi ní apá òsì, mo sì ti rí ara mi lórí àga náà lójú gbogbo ìlú. Mo ti bẹ Bàbá Ráfíù pé kó bá mi hun ìpele kékeré kan tí n ó dá sí èjìká, ó sì ti gbà. Àfi bí Màmá Dùrù ṣe pe èmi àti ìyá mi papọ̀, tó ní ìyá mi ni yóò fi fèrè fọn orin náà, èmi ni n ó máa fi dùrù gbé e lábẹ́.

Ó rí ojú mi. Ó ní ẹni tó ń gbé orin, òun ló mọ ibi tí orin ń lọ. N kò fẹ́ mọ ibi tí orin ń lọ. Mo fẹ́ jẹ́ orin náà ni. Mo sunkún láti ibẹ̀ délé, mo sì kọ ọ̀jọ̀jọ̀ tí ìyá mi dín ní alẹ́ ọjọ́ náà, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí. Bàbá mi gbé àwo ọ̀jọ̀jọ̀ jáde síta níbi tí mo jókòó sí. Ó jẹ ọ̀kan, ó nawọ́ ọ̀kan sí mi. Inú pálọ̀, fèrè ń dún.

"Àjọkẹ́," ó ní, "èmi àti ìwọ ni wọ́n fi sílẹ̀."

Òun nìkan ló tíì sọ ọ́ síta. Mo gba ọ̀jọ̀jọ̀ náà, mo jẹ ẹ́.

A bẹ̀rẹ̀ ìgbáradì, kò sì lọ dáadáa. Mo mọ gbogbo àmì orin tó wà nínú ìwé, mo ń tẹ̀ wọ́n bó ṣe tọ́, síbẹ̀ èmi àti ìyá mi kì í débì kan papọ̀. Bó bá fẹ́ mí, èmi á ti kọjá. Màmá Dùrù á fi rúlà kan dùrù, á ní kí n yé wo ìwé, kí n máa gbọ́ èémí ìyá mi. Bí ó ṣe ń sọ ọ́ tó, bẹ́ẹ̀ ni mo ń rò ó pé èmi ni mo kọ́kọ́ débí.

Ní ìrọ̀lẹ́ kan tí èmi àti ìyá mi ń ṣa ẹ̀wà nílé, mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ìdí tí kò fi lè fi Màmá Dùrù sílẹ̀ fún mi. Mo rò pé yóò ní kí n kúnlẹ̀ fún àfojúdi. Kò bínú. Ó ń ṣa ẹ̀wà rẹ̀ lọ.

"Níbi iṣẹ́, Nọ́ọ̀sì ni mí," ó ní. "Nínú ilé yìí, Ìyá Àjọkẹ́ ni mí. Láti ìgbà tí ìyá mi ti kú, kò sí ẹni tó pè mí ní Àbẹ̀kẹ́ mọ́, àfi ibẹ̀ yẹn. Ibẹ̀ nìkan ni mo ti jẹ́ ọmọ ẹnì kan."

Ó ti yẹ kí n sọ fún yín pé àánú rẹ̀ ṣe mí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo rò ni pé òun ti jẹ́ ọmọ tirẹ̀ rí, ó ti pẹ́, ó sì ti tó. Tèmi la wà lórí rẹ̀ yìí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dúró sí mi lọ́rùn bí egungun ẹja. Mo máa ń wò ó lẹ́yìn náà, bó bá ń gbé ìkòkò, bó bá ń fọ imú àwọn àbúrò mi, mo máa ń wá ibi tí Àbẹ̀kẹ́ wà lára rẹ̀.

Ọjọ́ náà pé. Ní ọ̀sán gangan, bí a ti ń múra, ọkọ̀ akẹ́rù kan gbé aboyún kan dé láti ọ̀nà Adó-Àwáyè, ọmọ dábùú nínú rẹ̀. Wọ́n wá pe ìyá mi. Ó bọ́ aṣọ tó ti wọ̀, ó gbé ti nọ́ọ̀sì wọ̀, ó ní òun yóò dé kí wọ́n tó kàn wá. Ó gbé fèrè fún Màmá Dùrù, ó lọ.

Gbọ̀ngàn kún. Àwọn tí kò ríbi jókòó dúró lójú fèrèsé. Ọ̀gbẹ́ni iṣẹ́ ọ̀gbìn fọn fèrè tirẹ̀, ó ṣì ibì kan, ó sì bẹ àwọn ènìyàn kó tó tún un fọn. Bàbá Ráfíù tẹ dùrù, gbogbo àwọn ahunṣọ àdúgbò sì pàtẹ́wọ́ fún un títí ó fi di pé wọ́n bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dákẹ́. Ó wá kàn wá. Ìyá mi kò tíì dé. Bàbá mi lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo títì.

Màmá Dùrù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sí mi létí. "Ìwọ nìkan tẹ̀ ẹ́," ó ní. "O mọ orin náà. Fi ọwọ́ ọ̀tún mú ti fèrè."

Ohun tí mo ti ń fẹ́ látìgbà yìí rèé. Mo dìde pẹ̀lú ìpele mi lórí èjìká, mo jókòó sórí àga, mo gbé ọwọ́ lé dùrù. Mo tẹ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó dún dáadáa. Mo dé ibi tó yẹ kí fèrè wọlé, ọwọ́ ọ̀tún mi sì ti wà níbi tó yẹ kó wà, mo ti múra. Àyè kékeré kan wà níbẹ̀ kí orin tó bẹ̀rẹ̀, ibi tí ìyá mi ti máa ń mí sínú. Mo gbọ́ àyè náà. Kò sí ẹnikẹ́ni tó mí níbẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún mi kọ̀, kò lọ. Mo padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

Mo tún tẹ̀ ẹ́. Mo dé ibẹ̀, mo tún padà. Àwọn ará ìlú rò pé bí orin náà ṣe rí nìyẹn, wọ́n ń mi orí sí i. Màmá Dùrù dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, n kò wò ó. Bóyá ó fẹ́ kí n tẹ̀síwájú. Òógùn ń bọ́ sórí eyín dùrù. Mo ń lọ, mo ń bọ̀, bí ẹni tó ń ṣọ́ ilẹ̀kùn kí wọ́n má bàa tì í.

Mo gbọ́ èémí rẹ̀ kí n tó rí i. Ẹ̀yìn mi ló gbà wọlé, ó ti sáré, ó sì ń mí hẹlẹhẹlẹ bó ṣe ń gba fèrè lọ́wọ́ Màmá Dùrù. Mo dẹ ọwọ́ sílẹ̀. Mo tẹ ìbẹ̀rẹ̀ náà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, mo ń dúró dè é, títí èémí rẹ̀ fi gùn, tó tún gùn sí i. Nígbà tí mo gbọ́ pé ó ti mí sínú dáadáa, mo tẹ èyí tó yẹ kí n tẹ̀, fèrè sì wọlé. Láti ibẹ̀ dé òpin, a kò ya ara wa. Ibi tó bá ti fẹ́ mí, mo ti mọ̀. N kò wo ìwé rárá.

Nígbà tí a parí, àwọn ènìyàn dìde. Ẹ̀jẹ̀ kékeré wà ní etí aṣọ funfun rẹ̀, ó sì ti tàn káàkiri pé ìyá àti ọmọ wà láàyè. Wọ́n ya lù ú. Nọ́ọ̀sì tó gbẹ̀bí tán tó tún wá fọn fèrè! Wọ́n ń fọwọ́ bà á, wọ́n ń ṣàdúrà fún un. Bàbá mi wà láàárín wọn, ó ń sọ fún ẹni tó béèrè àti ẹni tí kò béèrè pé ìyàwó òun ni. Kò sí ẹnì kan tó rántí pé ẹnì kan tẹ dùrù. Mo jókòó sórí àga náà, owú sì padà wá bá mi ní kíkún, kò tilẹ̀ kan ilẹ̀kùn.

Màmá Dùrù nìkan ló wá sọ́dọ̀ mi. Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí. "Mo rí ohun tí o ṣe," ó ní. Lẹ́yìn náà ó yíjú, ó sì lọ di mọ́ Àbẹ̀kẹ́ rẹ̀.

Mo lọ sí ilé ìwé gíga ní Ọ̀yọ́ lẹ́yìn ọdún díẹ̀, mò ń gbé nínú ọgbà ilé ìwé. Ara Màmá Dùrù kò dá ṣáṣá mọ́ nígbà náà, ìyá mi ló sì ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń fi ṣíbí fún un ní ẹ̀kọ. Mo jowú ìyẹn náà. Nígbà tó kú, ìyá mi sunkún bí ọmọ ṣe ń sunkún ìyá, ó sì wọ aṣọ ọ̀fọ̀ tó bó ṣe yẹ kí ọmọ wọ̀ ọ́. Ọmọkùnrin kan tí Màmá Dùrù bí sí Èkó wá, ó gbé dùrù lọ. Fèrè kò bá wọn lọ. Màmá Dùrù ti fi í lé ìyá mi lọ́wọ́ kó tó kú. Fún ọjọ́ pípẹ́, bí mo bá kọjá níwájú ilé náà, mo máa ń yíjú sí òdìkejì.

Ayé ti yí. Àwọn òfì díẹ̀ ló kù ní àdúgbò wa, ọ̀kadà ló ń jí àwọn ará ibẹ̀ báyìí. Àwọn ọmọ wa kì í kúnlẹ̀ gbé ọwọ́ sókè mọ́. Bí a bá bá wọn wí, wọ́n á ní kí a ṣàlàyé. Nígbà tiwa, bí ènìyàn bá ń kọ́ dùrù, gbogbo àdúgbò ló ń bá a kọ́ ọ. Bó bá ṣì í, alátẹ yóò mi orí lójú títì. Ọmọbìnrin mi ń kọ́ dùrù nínú yàrá rẹ̀ n'Ìbàdàn níbí. Inú fóònù ni olùkọ́ rẹ̀ wà, ìlú òkèèrè ni olùkọ́ náà ti ń sọ̀rọ̀, kì í sì í fi òrí pa ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Dùrù tirẹ̀ fẹ́lẹ́, ó dà bí pátákó, ó sì fi nǹkan kékeré dí etí rẹ̀ méjèèjì. Òun nìkan ló ń gbọ́ ohun tó ń tẹ̀. Àwa tó kù, ìró ìka rẹ̀ nìkan là ń gbọ́, tàbí ká má tilẹ̀ gbọ́ nǹkan kan. Mo máa ń rò ó pé ilé ti dákẹ́ jù, pé ọmọ òde òní kò ní mọ bí wọ́n ṣe ń jowú ara wọn nítorí orin.

Ọ̀dọ̀ mi ni ìyá mi ń gbé báyìí. Ó ti darúgbó, èémí rẹ̀ kò tó fèrè mọ́. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo gbé tíì lọ bá wọn. Ìyá mi jókòó sẹ́bàá ibùsùn ọmọ mi, ọmọ náà ń tẹ dùrù rẹ̀ tí kò dún. Mo béèrè pé orin wo ló ń tẹ̀. Ó yọ ọ̀kan nínú nǹkan etí náà, mo sì ti bẹ̀rẹ̀ orí mọ́lẹ̀ láti gbà á. Ó nawọ́ kọjá mi, ó fi í sí etí ìyá àgbà rẹ̀.

Àwọn méjèèjì di ojú, wọ́n ń mi orí papọ̀, wọ́n ń gbọ́ ohun kan tí n kò lè gbọ́. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú àwo tíì lọ́wọ́ mi, èmi àgbàlagbà yìí, mò ń jowú wọn.